Sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ tí ẹ fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù: ẹ má tíì gbé òòlù o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe sítọ́ọ̀ tí mo ń lò báyìí ti pọ̀ ju ẹni tí mo lè máa dá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, òmíì á tún pè mí láago mẹ́wàá alẹ́, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Kápẹ́ńtà ni mí, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mò ń kàn, èmi kì í ṣe akítẹ́ẹ̀tì, ibi tó bá ti kan ẹnjiníà màá sọ fún yín pé ẹ lọ pe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni mo fi bá ilé yẹn jìjàkadì kó tó gbà fún mi, ojú mi ti rí nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilé tí à ń sọ. Reluwé dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, bó ṣe dé ni àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn ará Lẹ́bánónì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ sí Gbági àti Dùgbẹ̀, torí ibẹ̀ ló súnmọ́ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó ẹrù. Kòkó lọba ọjà nígbà yẹn. Wọn á kó o wá láti oko, wọn á wọ̀n ọ́n, gírédà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ kòkó wò, á la hóró ẹ̀ wò bóyá ó ti bu, wọn á dì í sápò, ó di inú sítọ́ọ̀, láti sítọ́ọ̀ ó di Èkó. Nígbà tí ìjọba wá pa bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó rẹ́ lọ́dún 1986, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sítọ́ọ̀ yẹn ò níṣẹ́ mọ́. Òmíì di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíì di ibi tí wọ́n ń já sìmẹ́ǹtì sí, òmíì ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Báyìí tí reluwé tuntun ti dé Mónìyà láti 2021, kìlómítà 157 láti Èkó, ojú àwọn olówó ti ń yí sápá ibẹ̀, àwọn tó ní ilé àtijọ́ láàárín ìgboro wá ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kó wó ohun tó wà lórí ẹ̀ kó fi kọ́ plaza.

Èmi ní kẹ́ ẹ má wó o. Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ràn ohun àtijọ́ o, ọ̀rọ̀ owó ni. Ògiri tó nípọn, òrùlé tó ga, ilẹ̀ tó ti ń gbé àpò kòkó láti ayé bàbá wa (kòkó kì í fúyẹ́ o), ẹ lọ bi bíríkìlà yín iye tó máa gbà láti kọ́ irú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ wo Cocoa House fúnra ẹ̀ ní Dùgbẹ̀, àjà 26, mítà 105, owó kòkó náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1965. Iná jó o ní 1985, ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ nígbà yẹn á ní ó ti parí, àmọ́ egungun ẹ̀ ṣì dúró, wọ́n tún un ṣe, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1992. Tí egungun ilé bá ṣì le, ẹran ara ẹ̀ ṣeé tún fi sí.

Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó kẹ́ ẹ tó ra ìṣó kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ irú ilé yẹn níbí, ti ẹbí ni. Ọmọ ẹbí kan á mú yín wọlé, á máa sọ̀rọ̀ bíi lánlọ́ọ̀dù, á gbowó ọdún méjì, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni àbúrò bàbá ẹ̀ á gbé àgádágodo dé láti Ìwó Road pé ta ló fún yín nílé. Mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì yẹn, kí lọ́yà sì kọ ọ́, ájẹ́ńtì kọ́. Ẹ má gba ọdún kan tàbí méjì tẹ́ ẹ bá máa náwó sí òrùlé, ẹ béèrè ọdún márùn-ún sókè, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fi kún ilé, báyìí báyìí ni wọ́n á ṣe yọ ọ́ nínú owó ilé. Ẹ sì dé ọ́fíìsì tó ń mójú tó ètò ilé kíkọ́ ládùúgbò ibẹ̀, torí ilé tó ti ń jẹ́ sítọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ di ibi tí èèyàn á máa wọ̀ máa jáde, ìwé àṣẹ tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri kẹ́ ẹ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa yálé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Tí ìwé bá ti dúró, ẹ má ṣe nǹkan kan. Mo ní kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ gbálẹ̀, ẹ gbé àga kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi ò jókòó o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo ibẹ̀ gbẹ táútáú, ara wá ń yá mi, mo ní kí kọntirákítọ̀ kan bá mi gbé sílìn POP sókè kíákíá kí ibẹ̀ lè jọ ti ìgbàlódé. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí mo máa débẹ̀ láàárọ̀ POP ti já wálẹ̀ bí gàrí tí wọ́n bu omi sí jù, pákó àfàrà tí mo ti rà sílẹ̀ ti wú, gbogbo ilẹ̀ funfun báláú. Ọkùnrin tó ṣe é ò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù, torí mi ò tíì rí i kí òjò rọ̀ sórí ilé yẹn lẹ́ẹ̀kan tí mo fi bo òrùlé ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà kẹ́ ẹ wà nínú ilé yẹn nígbà tí òjò bá ń rọ̀, òjò gidi, kì í ṣe ọ̀wààrà. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì dání. Gbogbo ibi tí omi bá kán sí nílẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá gbójú sókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni ibi tó ti ń wọlé, omi lè wọlé lókè pátápátá níbi tí páànù méjì ti pàdé kó wá máa gba ara pákó sọ̀kalẹ̀ bí èèrà títí táá fi dé ibi tó wù ú kó tó já bọ́. Lọ́jọ́ kejì tí oòrùn bá yọ, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn pa kí inú ilé ṣókùnkùn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ìràwọ̀ lókè, ihò ìṣó ni. Ṣọ́ọ̀kì yẹn kan náà ni kẹ́ ẹ fi sàmì ibi tí oòrùn ń dé nílẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ lẹ ò gbọ́dọ̀ gbé pákó sí, ibẹ̀ lẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ibi ìjókòó kọ́sítọ́mà. Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí fún oṣù mẹ́ta, ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ á ti yàwòrán ṣọ́ọ̀bù fún yín.

Ó kan ògiri. Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, àmọ́ ẹnu tí ògiri ń là ò dọ́gba. Èyí tó rí bí irun orí, tó jẹ́ ojú rírẹ́ nìkan ló là, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn lọ sílẹ̀, tí owó kọ́bọ̀ lè wọ inú ẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fojú fò. Èyí tó fẹ̀ lókè tó tín-ínrín nísàlẹ̀, apá kan ilé ló ń rì. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ṣé egbò àtijọ́ ni àbí ó ṣì ń lọ? Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lójú ibi tó là, ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kó ki, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó dábùú ẹ̀, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kó tín-ínrín, kẹ́ ẹ fi ìṣó kọ ọjọ́ sí i kó tó gbẹ. Ẹ fi sílẹ̀ kó rí òjò kó sì rí ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá là, egbò àtijọ́ ni, ẹ ha á kẹ́ ẹ dí i. Tó bá là sí méjì, ilé ń rìn, ẹ pe ẹnjiníà, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kankan sọ fún yín pé ẹ jẹ́ kí òun kàn rẹ́ ẹ bò.

Mẹ́ta lèmi lẹ̀. Méjì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, ti igun ẹ̀yìn, ti là kí oṣù kẹjọ tó dé, ọkàn mi já. Ẹnjiníà dé, kò tiẹ̀ wo ògiri náà pẹ́, òkè ló gbójú sí, ó ní gọ́tà yín dà? Àṣé gọ́tà òrùlé lápá ibẹ̀ ti já láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo omi òrùlé ń dà sẹ́sẹ̀ ìpìlẹ̀ ní ojú kan náà, iyẹ̀pẹ̀ ti ṣàn lọ lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó máa jẹ́ ká hú ìpìlẹ̀ wá di gọ́tà tuntun, kòtò omi tí a fi kọnkéré ṣe, àti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ níwọ̀n mítà méjì tí wọ́n wa tí wọ́n tún dí. Mo tún lẹ òmíì. Ó ti pé ọdún méjì, kò là.

Tó bá jẹ́ apá Ògùnpa tàbí etí odò míì ni ilé yín wà, ẹ wá ojú omi lára ògiri. Ìbàdàn ò lè gbàgbé August 31, 1980 tí Ògùnpa kún tó gbé èèyàn lọ, òmíì tún wá ní August 26, 2011. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà láti ilẹ̀ sókè ní ojú méjì mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá rí ìlà amọ̀ tó tẹ́ rẹrẹ yí inú ilé ká, omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ bi àwọn ìyá tó ti pẹ́ ládùúgbò kẹ́ ẹ tó bi ájẹ́ńtì. Ilé bẹ́ẹ̀ ṣì ṣeé lò, ṣùgbọ́n gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ mọ́tò ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ga ju ìlà yẹn lọ, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù dí ibi tí omi ń gbà kọjá lẹ́yìnkùlé torí pé ẹ fẹ́ fẹ̀ sí i.

Kẹ́ ẹ tó gun òkè, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe òrùlé. Páànù onírin tó ti dógùn-ún kò nílò ìbẹ̀rù. Èyí tó nípọn, tó rí bí eérú, tó máa ń fọ́ bí àwo, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni, òun náà ló wà nínú sílìn ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ o. Eruku ẹ̀ ló léwu, ó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kó jókòó síbẹ̀, ogún ọdún lè kọjá kí àìsàn tó yọjú. Tí kò bá tíì fọ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kùn ún lọ́dà. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ bomi rin ín dáadáa, ẹ tú ìṣó ẹ̀, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi, ẹ fi ọ̀rá tó nípọn dì í, kí ẹni tó ń ṣe é de ìbòmú tó dáa sí imú, kì í ṣe áńkáṣíìfù. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń fi òòlù fọ́ ọ tí wọ́n á tún fi ìgbálẹ̀ gbá eruku ẹ̀, ẹ lé wọn kúrò.

Eruku ilẹ̀ náà ńkọ́? Sítọ́ọ̀ kòkó ni o, ẹ rántí Gàmálínì àti oògùn kòkòrò oríṣiríṣi tí wọ́n ń kó pa mọ́ tàbí tí wọ́n ń fín síbẹ̀. Ẹ bomi wọ́n ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbá a, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó mú ọmọ tàbí oúnjẹ wọ ibẹ̀.

Ooru wá ni ọ̀rọ̀ gan-an, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bá àwọn èèyàn jà. Ẹni tó gba ilé tí òrùlé ẹ̀ ga tó mítà márùn-ún, á wá gbé sílìn sí mítà méjì ààbọ̀, á ra AC mẹ́ta, á wá máa sunkún owó iná. Ta ló ṣe yín? Gíga yẹn ni AC àwọn tó kọ́ ọ. Ooru máa ń gòkè ni, tẹ́ ẹ bá fún un láyè lókè á kúrò lórí yín, tẹ́ ẹ bá fún un ní ọ̀nà àbájáde á bá tiẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé níbi ténté òrùlé, a gé páànù sílẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a wá dé fìlà fún un, ìyẹn òrùlé kékeré kan lórí òrùlé ńlá, tó fi bí ẹsẹ̀ kan ga jù ú lọ, tó sì yọ kọjá etí ihò náà dáadáa kí òjò má baà wọlé, a fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nítorí àdán. Wẹ́dà kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì, ọjọ́ mẹ́rin. A tún kun òkè páànù ní funfun. Mi ò ní AC títí dòní, fáànù nìkan ni.

Bàbá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ ní irú sítọ́ọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà èwe ẹ̀ ló yà wọlé lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń po sìmẹ́ǹtì láti dí àwọn ihò kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri, torí èkúté. Bàbá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa ilé yìí ni?" Ó ní ihò yẹn ni atẹ́gùn ń gbà wọlé nísàlẹ̀, tí kò bá sí i kòkó á bu. Mo da sìmẹ́ǹtì nù, mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí wọn. Ẹ wá wo bó ṣe bá fìlà òrùlé mu: atẹ́gùn tútù ń wọlé lẹ́sẹ̀ ògiri, èyí tó gbóná ń bá òkè jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ọgbọ́n yẹn kó lọ rìn kiri nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya akítẹ́ẹ̀tì láti Ìlú Ọba, ló yàwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá iléèwé náà sílẹ̀ ní 1948. Ẹ wo bí ilé ṣe tín-ínrín kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba èkejì jáde, ẹ wo ògiri oníhò-oníhò tó bo ilé-ìkàwé wọn, tó ń ṣíji bo ara ilé tí atẹ́gùn sì ń kọjá. Bíríkìlà tó bá ń ṣe búlọ́ọ̀kù lè ṣe irú búlọ́ọ̀kù oníhò yẹn fún yín. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ni kẹ́ ẹ fi í sí, torí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé tààrà níbí, ti ọ̀sán orí páànù ló ń wà. Fèrèsé ńlá, àríwá àti gúúsù. Èmi gbé tábìlì tí mo ti ń kan nǹkan sí apá àríwá, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tutù lójú, òjìji ọwọ́ mi kì í da iṣẹ́ mi rú.

Tí ògiri yín bá jẹ́ alámọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lásán rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ǹtì le ju amọ̀ lọ, ó sì máa ń dá omi dúró sẹ́yìn ara ẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á wú, á bó lulẹ̀ bí èèpo iṣu, á tún kó díẹ̀ lára amọ̀ dání. Yangí pupa ni kẹ́ ẹ jọ̀, kẹ́ ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe ọgbọ́n tálákà o. Demas Nwoko, ẹni tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Íbàdàn níbí, máa ń po yangí mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ ilé kíkọ́ ní Venice, ní Ítálì, ló fún un ní Golden Lion, àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ gbogbo ayé ẹ̀, ní 2023. Torí náà tí lánlọ́ọ̀dù yín bá ní àwọ̀ pupa yẹn ò bójú mu, ẹ sọ ìyẹn fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àjà kejì sínú ẹ̀ torí pé ó ga, ẹ má gbé e lé ògiri àtijọ́. Irin tirẹ̀ ni kó dúró lé, kí irin kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ tiẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kó lọ lọ́la ẹ ó tú u, ẹ ó gbé e lọ. Wáyà, ẹ fa gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ tún un fà, ẹ̀rọ lọ́tọ̀, gílóòbù lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì ri irin mọ́lẹ̀ fún un, ohun tí wọ́n ń pè ní earthing. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pákó tàbí aṣọ, ẹ ní ilẹ̀kùn méjì tí ẹ lè gbà sáré jáde, kí méjèèjì máa ṣí síta. Ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan, torí àpò kòkó kì í sáré.

Ọ̀dà ló kẹ́yìn, mi ò sì ní pẹ́ lórí ẹ̀. Níbi tí mo ti ń họ ògiri iwájú ni mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ, bóyá iye àpò ni, ti ọdún wo, mi ò mọ̀. Mo kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀ ju níwájú àga tí mo kàn lọ, kò kúkú dùn mí.

Ohun kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: páànù iwájú ilé, a nà án síta ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kí òjò má baà máa fọ́n sára ògiri. Bíríkìlà ò tíì rẹ́ òpó tó gbé e dúró tán tí ìyá oní-dúndú tó máa ń jókòó sínú oòrùn lọ́nà òdìkejì fi gbé ìkòkò ẹ̀ dé abẹ́ ẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Àmọ́ òun ló ń bá mi ṣọ́ ibẹ̀ tí mo bá lọ ra pákó ní Bódìjà, òun ló ń bá mi gba mẹ́séèjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń béèrè àdírẹ́sì, tẹ́ ẹ bá ti sọ fún ọlọ́kadà pé ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà ni, kò ní mọ ibẹ̀, ẹ ní ilé oní-dúndú.